Wẹ́ẹ̀dì Tí Mo Yìn Jù Lọ Ni Wọ́n Gé Dànù

Nínú gbogbo wẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ibi tí a ti fi iná so irin pọ̀, tí mo ti ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń bá irin ṣeré, èyí tí mo fi ẹnu ara mi yìn jù lọ ni wọ́n gé dànù. Ojú rẹ̀ dán gbinrin. Mo ti fi gíráńdà lọ̀ ọ́ débi pé bí ẹ bá fi ìka tọ orí réèlì kìíní lọ dé ìkejì, ẹ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Kódà, mo ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan dé, irú èyí tó ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wo inú irin. Ó tì í kọjá lórí iṣẹ́ mi, ó dúró, ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún tì í síwájú. Ló bá fa ṣọ́ọ̀kì yọ lápò, ó kọ àmì X gàdàgbà sára réèlì, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Iṣẹ́ tẹ́máìtì ni mò ń sọ, iná tí wọ́n fi ń so réèlì rélùwéè pọ̀. Mo ti pẹ́ nídìí wẹ́ẹ̀dì kí n tó dé ibẹ̀. Mo mọ ti oníná mànàmáná dunjú, mo mọ ti gáàsì, mo lè gbọ́ bí iná ṣe ń dún lójú irin kí n sì sọ bóyá ó wọlé tàbí orí lásán ló wà. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jó réèlì, mo rò pé ohun tí mo mọ̀ náà ni, iná rẹ̀ ló kàn tóbi jù. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ bi mí bí mo ṣe pẹ́ tó nídìí iṣẹ́. Mo dá a lóhùn, mo sì fi díẹ̀ kún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tó o mọ̀ yẹn, ìwọ lò ń ṣe é. Bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀, wàá dá a padà. Èyí tá a fẹ́ ṣe yìí, òun ló máa ṣe ara ẹ̀. Bó bá ti gbiná pẹ́nrẹ́n, kò sóhun tó o tún lè ṣe fún un." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Alẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ réèlì pọ̀ lóru, torí ìgbà yẹn ni ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Ìkòkò kan ni wọ́n gbé ka orí mọ́ọ̀dù, ohun tí irin yíyọ́ ń dì sínú rẹ̀, tí wọ́n fi yanrìn ṣe, mọ́ọ̀dù náà sì gbá ẹnu réèlì méjèèjì mọ́ra. Ọ̀gá mi tan nǹkan kan bí igi ìṣáná tó ń ta pàrà-pàrà, ó kì í bọ inú ìkòkò, ó fi ìdérí dé e, ó sì rìn kúrò. Kò sáré. Mo ní kí n sún mọ́ ọn wò, ó fi ọwọ́ kan fà mí sẹ́yìn láìwo ọ̀dọ̀ mi. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Ó di lójijì, iná funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú gba abẹ́ ìdérí jáde, ó ń hó yàà bí odò tó ń já lórí àpáta, ẹ̀ta iná ń fò sókè, òjìji gbogbo wa sì nà tàntàn lórí òkúta bí ẹni pé ilẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ọ̀gá mi tó ń kà lábẹ́ ètè: "Méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, ogún..." Kó tó ka márùndínlọ́gbọ̀n, ariwo náà yí padà, ó wálẹ̀. Irin yíyọ́ ti já ìdí ìkòkò, ó ti ṣàn wọ mọ́ọ̀dù. Èmi ṣì ń wá ibi tí màá dúró sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti tán.

Ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn kò le láti ṣàlàyé. Ohun méjì ni gbòǹgbò rẹ̀: irin tó ti dógùn-ún, tí wọ́n sọ di hóró wẹ́wẹ́, àti alumíníọ́mù tí òun náà jẹ́ hóró wẹ́wẹ́. Dógùn-ún tí mo wí yìí ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, irin tí ọ́síjìn ti wọ̀ lára. Alumíníọ́mù kì í rí ọ́síjìn kó gbójú kúrò. Ó fẹ́ ẹ ju bí irin ṣe fẹ́ ẹ lọ fíìfíì. Bí ooru bá ti le tó láti jí i, yóò já ọ́síjìn náà gbà mọ́ irin lọ́wọ́, ìjágbà yẹn ló sì ń tú ooru jáde, tí ooru náà fi ń jí hóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìyẹn náà ń jí òmíràn. Irin tó kù yóò yọ́, yóò dá wà. Alumíníọ́mù tó gba ọ́síjìn yóò di ìdàrọ́. Irin yíyọ́ wúwo ju ìdàrọ́ lọ ní ìlọ́po méjì ó lé, nítorí náà ó máa rì, ìdàrọ́ á léfòó. Ẹnikẹ́ni kò ní yà wọ́n.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú rẹ̀ ni pé ooru náà pọ̀ tó bó ṣe yẹ kó pọ̀ gẹ́lẹ́. Irin ń yọ́ ní dígírì 1,538. Ìdàrọ́ alumíníọ́mù kì í yọ́ títí yóò fi dé 2,072. Bó bá jẹ́ pé ibi tí irin ti ń yọ́ ni iná náà mọ sí, ìdàrọ́ á le mọ́ irin lára, gbogbo rẹ̀ á wá di òkúta rúdurùdu kan tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò yẹn ń dé nǹkan bíi dígírì 2,500, àwọn méjèèjì á sì máa ṣàn bí omi. Irin tó bá jáde bẹ́ẹ̀ láìní àfikún rọ̀ jù fún réèlì, ìdí nìyẹn tí àpò tí wọ́n ń dì wá láti ilé iṣẹ́ fi ní kábọ́ọ̀nù (ohun tó wà nínú èédú), mangáníìsì (oríṣi mẹ́táàlì kan) àti ègé irin wẹ́wẹ́ nínú. Ègé irin wọ̀nyẹn ń fi kún ohun tó máa kún àlàfo, wọ́n sì ń tu iná náà lójú kó má baà ya wèrè. Irú réèlì kọ̀ọ̀kan ló ní àpò tirẹ̀. A kì í bù nínú ọ̀kan kún òmíràn, a kì í sì í tú u ká wá tún un pò.

Ará Jámánì kan, Hans Goldschmidt, ló gba ìwé àṣẹ ọ̀nà yìí ní 1895, kì í sì í ṣe réèlì ló ń wá kiri. Ó fẹ́ yọ krómíọ́mù, tí òun náà jẹ́ mẹ́táàlì, àti mangáníìsì láìní kábọ́ọ̀nù nínú. Èédú ni wọ́n fi ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èédú kì í sì í lọ láìfi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá fi alumíníọ́mù rọ́pò èédú. Ká ní ogún ọdún ṣáájú ni, owó kò ní jẹ́ kó dán an wò, torí alumíníọ́mù wọ́n bí ojú nígbà náà. Ní 1886 ni Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa èkejì, rí bí wọ́n ṣe lè fi iná mànàmáná yọ ọ́ lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tó fi máa di 1899, wọ́n ti ń fi tẹ́máìtì jó réèlì ọkọ̀ ìgboro pọ̀ nílùú Essen. Láti ìgbà náà wá, bí a bá yọwọ́ pé ìkòkò ti ń ṣí ìdí fúnra rẹ̀ báyìí, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti di àlòsọnù, n kò rò pé ẹni tó ṣe é ní Essen á sọnù bó bá bá wa lójú irin lónìí.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ mọ ìró gbà-gbà, gbà-gbà yẹn. Ibi tí réèlì méjì ti pàdé ló ń dún, níbi tí wọ́n ti fi àwo irin àti bóòtì dì wọ́n. Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá, ó ń lu ẹnu réèlì ni. Ẹnu á wó, bóòtì á tú, òkúta abẹ́ rẹ̀ á sì di lẹ́bú. Bí wọ́n bá jó o pọ̀, kò ní sí ẹnu tí kẹ̀kẹ́ máa lù mọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé: irin ń gùn bí oòrùn bá pa á. Réèlì tó gùn ní kìlómítà kan, bí kò bá sí ohun tó dì í mú, á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 gùn sí i bí ara rẹ̀ bá fi dígírì 30 gbóná sí i. Nítorí náà wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀ pinpin, agbára tí ì bá fi gùn á wá há sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú, ó ń fà. Ojú wẹ́ẹ̀dì wa náà wà nínú ìfà yẹn. Nígbà tí ọ̀gá mi ṣàlàyé èyí fún mi tán ni mo tó yé fi iṣẹ́ náà ṣeré. Àbí kí n sọ pé ìgbà yẹn ló yẹ kí n yé fi ṣeré.

Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni ojú kan ń gbà wá. Iná kò jẹ ìdajì ìṣẹ́jú nínú rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù, ìmúra àti ìdúró ni.

A ó gé ẹnu réèlì kí àlàfo tó wà láàárín wọn lè jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 25. Bó bá há jù, irin yíyọ́ kò ní ráyè yọ́ ẹnu réèlì méjèèjì. Bó bá fẹ̀ jù, irin inú àpò kò ní tó. Lẹ́yìn náà a ó to wọ́n gún. Irin gbọọrọ kan tó gùn ní mítà kan la fi ń wò ó, a ó fi lé orí, a ó fi lé ẹ̀gbẹ́. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ bá ọ̀gá mi jiyàn. Mo rí i pé ó ń fi wẹ́ẹ̀jì gbé ẹnu réèlì méjèèjì sókè, díẹ̀ báyìí, kò ju mílímítà kan àtààbọ̀ lọ. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kò gún mọ́ o." Ó ní kí n jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tó tutù tán, mo fi irin gbọọrọ lé e, ó gún régé. Orí réèlì nípọn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, orí ló ń tutù kẹ́yìn, bó bá sì ń tutù ó ń sún kì, ó ń fa ẹnu méjèèjì wálẹ̀. Ẹni tó bá tò ó gún látìbẹ̀rẹ̀ á bá kòtò lójú rẹ̀ láàárọ̀.

Mọ́ọ̀dù ló kàn. Ọ̀tún, òsì, ìsàlẹ̀. Gbogbo etí rẹ̀ la ó fi yanrìn tí wọ́n pò di, nítorí irin tó yọ́ kì í bẹ̀bẹ̀, ibi tó bá rí, ibẹ̀ ló ń gbà. Mo ti rí i tó gba àlàfo tí kò ju ìbú èékánná lọ tó sì dà gbogbo ara rẹ̀ sórí òkúta. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa kàn dúró ń wò ó ni.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan. Iná gáàsì àti ọ́síjìn la ó gbé sórí mọ́ọ̀dù, tí ọwọ́ rẹ̀ á kọjú sísàlẹ̀ sínú àlàfo, a ó sì máa yan ẹnu réèlì títí wọ́n á fi pọ́n. Ohun èlò tí àwa ń lò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti àwọn mìíràn yàtọ̀, ìwé tó bá àpò wá ni kálukú ń tẹ̀ lé. Mo ti mọ àwọ̀ irin gbígbóná tipẹ́, nítorí náà ojú ni mo fẹ́ fi máa wò ó. Ọ̀gá mi kò gbà. Ó ní ojú máa ń purọ́: lóru, irin tí kò tíì gbóná tó á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, lọ́sàn-án gangan, èyí tó ti gbóná kọjá kò ní hàn. Aago ló ń wò, ó ń wo ohun tí géèjì gáàsì ń kà, ó wá fi ojú ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Mo gbọ́ pé yíyan wà kí réèlì tutù má baà pa irin yíyọ́ lójú kó tó wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò fetí sí ni ìdajì kejì: yíyan náà ló ń lé omi kúrò nínú mọ́ọ̀dù.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá mi wà lọ́dọ̀ ikọ̀ mìíràn, wọ́n fi iṣẹ́ lé èmi lọ́wọ́ fúngbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti gba ojú irin fún wa, àmọ́ ọkọ̀ kan pẹ́, wákàtí tó yẹ ká lò sì ń lọ. A ti kó ẹrù sórí òkúta, òjò winniwinni sì bẹ̀rẹ̀. A fi tapólì bò ó. Nígbà tí wọ́n wá fún wa ní ọ̀nà, mo rí i pé igun páálí mọ́ọ̀dù kan ti rin díẹ̀. Mo yọ mọ́ọ̀dù náà, mo fi aṣọ nù ún, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Ó gbẹ lójú ara rẹ̀ ni o. Yanrìn ni mọ́ọ̀dù, ohun tó bá mu kò ní hàn lára rẹ̀. Òmíràn wà nínú ọkọ̀ tí a gbé wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà jìnnà, aago sì ń sáré.

Mo tan iná yíyan. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ lọ, irin ti pọ́n dáadáa lójú mi. Mo wo aago, mo wo ọ̀nà, mo pa iná gáàsì. Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò wá.

Iná náà jó bó ṣe máa ń jó. Mo kà á bí ọ̀gá mi ṣe máa ń kà á, ó já ní mẹ́rìnlélógún. Irin wọlé, ìdàrọ́ kún àkúnya sínú àwo ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lójú mọ́ọ̀dù, lórí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, àwọn ìhó kéékèèké ń yọ, ó ń hó pọ̀-pọ̀-pọ̀, bí ohun tó wà lórí ààrò. Irin tó balẹ̀ kì í hó. Mo rí i, ọkàn mi sì sọ fún mi. Mo gbójú kúrò, mo ní kí wọ́n lọ gbé ẹ̀rọ ìgé wá sítòsí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí omi nìkan ṣoṣo ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Omi tó bá hó di èéfín á fi ohun tó ju ìlọ́po 1,600 lọ gba àyè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn bó bá rọra hó o. Bí irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ yẹn bá dé bá a, kò ní rọra hó. Lẹ́yìn náà, irin yíyọ́ àti alumíníọ́mù yóò já ọ́síjìn gbà lára omi náà, wọ́n á sì fi háídírójìn sílẹ̀. Èyí tó bá wọ inú irin yíyọ́ nínú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà àbáyọ bí irin bá ń dì. Bí kò bá rí ọ̀nà, á há síbẹ̀, á di ihò. Ẹ̀kán omi díẹ̀ nínú yanrìn mọ́ọ̀dù á fún yín ní ihò. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ihò lẹ máa rí. Mo ti rí ẹni tó da àwo ìdàrọ́ sórí ilẹ̀ tútù nígbà tó rò pé ó ti dì: ó bú gbàmù, ìdàrọ́ fò kọjá orí wa, ọ̀kan wọ ẹnu bàtà rẹ̀. Lójú rẹ̀, ìdàrọ́ náà ti dúdú. Inú rẹ̀ ṣì pọ́n.

Omi kò sì lè pa iná tẹ́máìtì. Púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò ìpaná tí a mọ̀ ń fún iná lọ́rùn ni, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí kò nílò afẹ́fẹ́ yín, inú dógùn-ún ni ọ́síjìn tirẹ̀ wà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, kó jó tán. Yanrìn gbígbẹ la ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí èyí tó bá dà síta, kí a fi ká a mọ́. Dígí dúdú ni a sì fi ń wò ó, bó ti wù kó kúrú tó.

Mo padà sórí alẹ́ mi. Lẹ́yìn iná, ìdúró ló kù: ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó tú mọ́ọ̀dù, ká tó wá fi ẹ̀rọ oníjáákì gé irin tó yọrí kúrò nígbà tó ṣì pọ́n, ká lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kìíní, ká sì fi sílẹ̀ kó tutù ká tó lọ̀ ọ́ kanlẹ̀. Èyí ni mo ṣe pé pérépéré. Mi ò tú mọ́ọ̀dù láìtó àkókò, torí mo ti rí ohun tó ń ṣe. Ẹnì kan nínú wa tú ohun tó di réèlì mú lóru olótùútù kan nígbà tí àárín wẹ́ẹ̀dì ṣì rọ̀. Réèlì fà, wẹ́ẹ̀dì sì ya láti inú wá. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì kò lágbára kankan. Ó jọ irin, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ irin.

Nígbà tó tutù, mo jókòó tì í, mo lọ̀ ọ́, mo dán an. Bí mo ṣe ń wò ó báyìí, mo mọ ìdí tí mo fi fi gíráńdà ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbàgbé ìhó wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìṣẹ́jú tí a fi yan ẹnu réèlì, mo kọ 5.

Ọjọ́ tí wọ́n gé e jáde, ọ̀gá mi ló gbé e wá. Ó ti ní kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì. Lókè, níbi tí mo ti dán, irin gidi ni. Lẹ́sẹ̀, ihò wà níbẹ̀ bíi kànrìnkàn, òmíràn gba orí abẹ́rẹ́, òmíràn gba hóró àgbàdo. Lápá kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí réèlì kò ti yọ́ rárá. Irin mi kàn fara tì í ni, bí ẹni méjì tó jókòó pọ̀ tí wọn kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó lo fi yan án?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mẹ́ta àtààbọ̀."

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó wá ojú ewé náà, ó yí i sọ́dọ̀ mi, ó sì na bírò sí mi. Mo fa ìlà lé 5, mo kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Mi ò rò pé mo ti fọwọ́ sí ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba ìwé rẹ̀, ó ní, "Ìhó tó hó yẹn ńkọ́, o rí i àbí o ò rí i?" Mo ní mo rí i. Ó ní bí mo bá sọ lóru ọjọ́ náà, wọn ì bá fi àwo àti kílíǹbù dè é kí ọkọ̀ tó gorí rẹ̀, kí wọ́n sì gé e lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọkọ̀ fi gba orí rẹ̀. Mo ń ro iye wọn lọ́kàn títí mo fi dákẹ́ ríro.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ṣe èyí tí wọ́n ń fi bàbà ṣe. Ìyẹn kéré, kò ní ariwo. Dípò dógùn-ún irin, dógùn-ún bàbà ni wọ́n ń lò, bàbà yíyọ́ ló ń jáde. Charles Cadwell ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1938, láti so wáyà bàbà mọ́ réèlì. Lónìí, ibi wáyà tó ń gbé àrá àti iná mànàmáná tó ṣìnà wọ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó jù. Ìdè tí wọ́n fi bóòtì fún lè tú, ó sì lè dógùn-ún láàárín. Èyí kò ní àárín, wáyà àti ọ̀pá ti di ọ̀kan. Mọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í ṣe yanrìn, èédú dúdú irú ti inú pẹ́ńsù ni, a sì lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó kọ́ mi níbẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a fi iná gáàsì yan mọ́ọ̀dù yìí kó gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ pé ó ti gbẹ..." Ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, ó dúró. Mo ní kó máa bá a lọ, ó ń sọ ọ́ dáadáa.

Àwọn èèyàn máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ti àwọn tó pò tẹ́máìtì nílé, tí wọ́n dà á sórí yìnyín kí wọ́n lè rí i kó bú. Mi ò kì í wò ó tán. Ẹ má pò ó. Èyí tí àwa ń lò, ilé iṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n, ó sì ti bú mọ́ni lójú lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì. Ìlàjì irin yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, orí tábìlì ni mo gbé e lé, ó tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé, mo máa ń gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí n tó fún wọn ní ìbọ̀wọ́. Wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, gbogbo wọn ló máa ń fi ìka kan ihò yẹn. Èyí tó dé kẹ́yìn wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Sà, ta ló ṣe irú wẹ́ẹ̀dì burúkú báyìí?"

Mo ní kó sáré lọ wo ìta, pé ojú ọjọ́ ń ṣú, kó gbé páálí mọ́ọ̀dù kúrò nílẹ̀.